Òrùlé ni Ìparun Ilé Alámọ̀ ti Bẹ̀rẹ̀: Ooru, Iná Mànàmáná àti Ilé Àtijọ́ ní Bantè àti Savalou

Bí ènìyàn bá gba títì tó kúrò ní Dassa lọ sí Savalou, tó sì tẹ̀ síwájú dé Bantè kí ó tó kọrí sí Bassila, oríṣi ilé mẹ́ta ni yóò máa rí lẹ́bàá ọ̀nà. Èkíní ni ilé bíríkì sìmẹ́ǹtì, tí òmíràn nínú wọn kò tíì ní fèrèsé. Èkejì ni ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò. Ẹ̀kẹta ni ahoro, ògiri alámọ̀ tí òrùlé ti kúrò lórí rẹ̀, tí òjò ń fọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń kọjá máa ń tọ́ka sí ẹ̀kẹta yìí pé ẹ wo bí amọ̀ kò ṣe lágbára, ayé ti kọjá orí rẹ̀. Èrò tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Òrùlé ni a kọ́kọ́ bà jẹ́ lára ilé wọ̀nyí, nígbà tí a sì ti ba òrùlé jẹ́ tán, ògiri kò lè dá iṣẹ́ ìtura ṣe mọ́. Ibẹ̀ náà ni àtúnṣe gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, bí a bá fẹ́ kí ilé tí àwọn òbí wa fi sílẹ̀ tù wá lára láìjẹ́ pé a ń sanwó iná lórí ooru tí a fọwọ́ ara wa pè wọlé.

Ẹkùn Collines ni ìlú méjèèjì wà, ẹkùn tí ìjọba orílẹ̀-èdè Benin yọ lára Zou ní 1999. Nígbà ìkànìyàn 2013, àwọn tó ń gbé ní agbègbè Savalou ju 140,000 lọ, ti Bantè sì ju 100,000 lọ. Àwọn Ìṣà, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka kan nínú Yorùbá, ló pọ̀ jù ní Bantè. Ní Savalou, àwọn Máhì ló ni ìlú, Gbaguidi ni oyè ọba wọn, àwọn Ifẹ̀ sì wà ní Tchetti àti Doumè níhà ààlà Togo. Ilẹ̀ olókè ni, àpáta ńláńlá tó ń fa oòrùn mu láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Láti oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún, ooru ọ̀sán sábà máa ń kọjá 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀, nígbà ọyẹ́, òtútù òru níbẹ̀ a máa mú kí àgbàlagbà wá aṣọ ìbora. Ilé tó bá máa dára ní irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ya ọ̀sán sọ́tọ̀ kúrò lára òru.

Ìmọ̀ yìí ni àwọn mọlémọlé àtijọ́ fi ṣiṣẹ́. Wọ́n á gbẹ́ amọ̀ nítòsí, wọ́n á da omi àti koríko gígé mọ́ ọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó fi kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mọ ipele kan yí ilé po. Wọn kì í gun ipele kejì lé e títí èkíní yóò fi gbẹ dáadáa, ìdí nìyí tí ilé kan fi lè gba ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko. Ògiri tó bá nípọn tó 40 sẹ̀ǹtímítà kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ooru tó bá bà á lójú ìta lọ́sàn-án lè gba nǹkan bí wákàtí mẹ́wàá kí ó tó yọ lójú inú. Nígbà náà ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ ìta ti tutù, onílé sì lè ṣí ilẹ̀kùn kí ooru náà bá ti ẹ̀ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó yí iwájú ilé ká kì í jẹ́ kí oòrùn bá ògiri rárá ní apá ibẹ̀. Fèrèsé kéékèèké tí àwọn àlejò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń sọ inú ilé di òkùnkùn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dín ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ooru wọlé kù.

Lókè ògiri yìí ni iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, wọ́n á ṣán an, wọ́n á dì í ní ìdì, wọ́n á sì tò ó nípọn léra wọn títí tí òjò kò fi ní ráyè. Afẹ́fẹ́ tó há sínú pòròpórò koríko náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn ráàyè kọjá. Lábẹ́ koríko ni àjà wà. Igi tí ikán kì í tètè jẹ, bí àyín àti apá, ni wọ́n ń tò sórí ògiri, wọ́n á wá tẹ́ amọ̀ lé e títí yóò fi le. Àwa tí a gbọ́njú bá àjà mọ̀ ọ́n sí ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo àti irúgbìn sí, kí èéfín ìdáná máa lé kòkòrò kúrò lára wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Bí iná bá mú koríko orí ilé, àjà ni kì í jẹ́ kí ó já lé ọmọ tó sùn nínú yàrá lórí. Bí oòrùn bá sì ràn, àjà ni ìdènà kejì tí ooru gbọ́dọ̀ là kọjá kí ó tó kan ènìyàn.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í dá ara rẹ̀ gbé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, koríko á fẹ́ pípààrọ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ilé á tún ojú ògiri rẹ́ pẹ̀lú amọ̀ tí wọ́n po mọ́ ìgbẹ́ màlúù. Iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ ni, ẹni tí wọ́n bá bá bo tirẹ̀ lónìí yóò bá ẹlòmíràn bo tirẹ̀ lọ́la. Ní Ọ̀yọ́, bíbo ààfin Aláàfin ló bí ọdún Bẹẹrẹ, tí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ń ru koríko wá, ó sì fi hàn pé àtúnṣe òrùlé wà nínú ètò ìjọba fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń sọ pé ilé alámọ̀ kì í pẹ́, kí ó rántí pé ọwọ́ tó ń tún un ṣe ló ń mú un pẹ́. Ọwọ́ náà ló kọ́kọ́ dín kù.

Ìdí tó gúnmọ́ ni àwọn ènìyàn fi fi páànù rọ́pò koríko, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìbẹ̀rù iná kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀ta iná kan láti ibi ìdáná lè jó agbo ilé odindi. Koríko bẹẹrẹ pàápàá ti jìnnà, nítorí oko òwú àti oko kajú ti gba ilẹ̀ tó ti ń hù, iná tí wọ́n ń dá sígbó lọ́dọọdún sì ń jó ìyókù. Àwọn ọ̀dọ́ tó yẹ kí wọ́n gun orí ilé ti wọ ilé ìwé, òmíràn ti lọ sí Parakou, òmíràn wà ní Cotonou tàbí ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ta kajú lẹ́yìn ìkórè lè ra páànù, kí ó pe káfíńtà kan, kí ilé sì ti ní òrùlé tuntun láàárín ọjọ́ díẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Ta ni kò ní yàn án?

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí koríko lọ, àjà bá a lọ. Ikán ti jẹ igi òmíràn nínú rẹ̀, káfíńtà sì fẹ́ àyè tí yóò fi kan igi òrùlé tirẹ̀. Níwọ̀n bí páànù kì í ti í gbiná, àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ àjà ti tán, wọ́n sì wó o. Etí òrùlé náà kúrú sí i. Koríko kò ní iye, ẹni tó ń fi í bolé lè jẹ́ kí ó yọ síta tó bó ṣe wù ú. Páànù ní iye, káfíńtà á sì gé e ní ìwọ̀n tí owó bá tó. Bí ilé ṣe pàdánù ìdènà ooru lókè nìyẹn, tó tún pàdánù agboòrùn tó ń ṣíji bo ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, lọ́jọ́ kan náà, lọ́wọ́ káfíńtà kan náà.

Páànù tó wà lábẹ́ oòrùn ọ̀sán lè gbóná ju 60 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Nígbà tó bá ṣì ń dán, ó ń dá díẹ̀ padà nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dípẹtà, tí àwọ̀ rẹ̀ di pupa rúsúrúsú, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ń gbà. Bí kò bá sí àjà lábẹ́ rẹ̀, orí ẹni tó wà nínú yàrá ni ooru náà ń bọ̀ tààrà. Ògiri tó nípọn kò lè ràn án lọ́wọ́, nítorí ooru kò gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé. Kódà, ó di alábàápín ìnira: ojú inú rẹ̀ ń gba ooru láti orí páànù ní gbogbo ọ̀sán, ó sì ń tú u sílẹ̀ sínú yàrá lálẹ́. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún ìtura á wá dà bí inú ààrò. Ẹni tó bá sùn nínú rẹ̀ ní oṣù kẹta á fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé ilé alámọ̀ gbóná, ẹ̀rí rẹ̀ á sì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ ló máa dá lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń wá ìgbàlà lọ sọ́dọ̀ sìmẹ́ǹtì. Òjò tí òrùlé kúkúrú kò dí mọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìdí ògiri, onílé á sì pe mọlémọlé kó fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Fún ọdún kan sí méjì, ilé náà á dán. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fi ìka kan ojú ògiri rẹ̀ ní nǹkan bí ìwọ̀n orúnkún sókè. Ẹ ó gbọ́ pé ó ń dún kọ́kọ́, bí ohun tó ṣófo nínú. Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ ibi tó ti sán, awẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá kan á ṣí kúrò lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, kò di ohunkóhun mú. Amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á lọ́rinrin, á máa yọ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ wálẹ̀ bí ìyẹ̀fun tútù, ipa ọ̀nà ikán á sì ti gba inú rẹ̀ kọjá. Amọ̀ ń mí: ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, ó sì ń dá a padà, ó ń wú díẹ̀, ó sì ń sún kì díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a wú, kì í bá a sún kì. Omi tó bá ti ìdí ilé gùnkè wá kò rọ́nà jáde mọ́, inú ògiri ló ń jókòó sí. Owó tí onílé ná láti gba ògiri là ló ń pa ògiri.

Nígbà tó bá wó, bíríkì ni wọ́n á fi tún un kọ́. Bíríkì oníhò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà kì í dá ooru dúró ju wákàtí díẹ̀ lọ, àsìkò tí àwọn ọmọ bá sì fẹ́ sùn gan-an ni ooru ìrọ̀lẹ́ ń yọ sí wọn. Páànù ṣì wà lókè, àjà kò sí. Fáànù á wọ yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí owó bá wà, ẹ̀rọ amúlétutù á tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tó ń jẹ iná ju gbogbo ohun yòókù nínú ilé lọ. Káàkiri àgbáyé, ṣíṣe sìmẹ́ǹtì nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run. Ní ti iná, ẹni tó bá dàgbà ní Benin rántí 1998, nígbà tí omi odò Volta fà ní Akosombo ní Ghana, tí a sì wà nínú òkùnkùn ní Benin àti Togo nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni a ti ń ra iná. Láti ìgbà náà, a ti kọ́ ibùdó iná Maria-Gléta àti ti oòrùn ní Pobè, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ iná tí a ń fi lé ooru jáde kúrò nínú ilé tí kò ní àjà, ìnáwó tí kò ní òpin ni, nítorí bí ẹ bá pa fáànù báyìí, ooru á padà.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ilé ló ń jẹ nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n ń lò, àwọn ìjọba ibẹ̀ sì ń ran onílé lọ́wọ́ láti fi nǹkan tẹ́ òrùlé ilé àtijọ́ kí ooru má bàa sá jáde nígbà òtútù. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London mọ̀ ọ́n dáadáa. Tiwa ni pé kí ooru má wọlé. Òrùlé náà ni àwọn náà ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni àtúnṣe náà yóò ṣe rí ní Bantè tàbí Savalou? Mi ò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sí koríko. Páànù lè wà níbẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí àjà padà sí ipò rẹ̀. Bí ògiri bá ṣì le, tí igi tó dára sì wà, àjà amọ̀ ló dára jù. Bí ògiri bá ti rẹ̀, amọ̀ á wúwo jù fún un, ẹní tí a hun, tí a kàn mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ òrùlé, á ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú owó tó kéré gan-an. Ààyè gbọ́dọ̀ wà láàárín àjà àti páànù, a sì gbọ́dọ̀ dá ihò sí ìhà méjèèjì òrùlé kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ibẹ̀ lè máa jáde. Kí wọ́n fi àwọ̀n dí ihò náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdán á sọ ibẹ̀ dilé, òórùn wọn nìkan á mú kí onílé tún wó àjà. Páànù tó bá ti dípẹtà, kíkùn ún ní funfun á dín ohun tó ń gbà lọ́wọ́ oòrùn kù.

Lẹ́yìn òrùlé ni ìdí ògiri. Òkúta kò wọ́n ní ilẹ̀ àpáta, a lè fi í gbá ìdí ilé yí po, kí a sì la ojú àgbàrá kí omi má dúró síbẹ̀. Kí etí òrùlé gùn sí i, tàbí kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà, pàápàá níhà ìwọ̀ oòrùn. Sìmẹ́ǹtì tó ti ń ṣí, kí a ká a kúrò, kí a fi amọ̀ àti koríko rẹ́ ojú ògiri. Ní àríwá Benin àti Togo, àwọn kan máa ń se èèpo èso igi irú, wọ́n á sì fi omi rẹ̀ kun amọ̀ kí òjò má bàa tètè fọ̀ ọ́. Igi náà ń hù lọ́dọ̀ wa. Ilé bíríkì tí wọ́n kọ́ ní ogójì ọdún sẹ́yìn, òun náà ti di ilé àtijọ́. Àjà, òjìji ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti igi máńgòrò níhà ìwọ̀ oòrùn á ṣe é láǹfààní bí ti alámọ̀.

Ẹ̀rí pé ó ṣeé ṣe kò jìnnà. Ní abúlé Gando ní Burkina Faso, Francis Kéré, ọmọ abúlé náà, kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó parí ní 2001. Bíríkì amọ̀ tí wọ́n fún pọ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì díẹ̀ ni ògiri rẹ̀. Àjà bo yàrá, páànù sì wà lókè àjà, irin gbé e sókè kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín wọn kọjá. Òun ló gba ẹ̀bùn Pritzker ní 2022, ẹ̀bùn tó ga jù fún àwọn ayàwòrán ilé lágbàáyé, òun náà ni wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun Benin ní Porto-Novo lé lọ́wọ́. Ilé tuntun ni ti Gando, ṣùgbọ́n ohun tó wà láàárín àjà àti páànù rẹ̀ ṣeé ṣe lórí ilé tí bàbá àgbà kọ́.

Ní ti àtúnṣe ilé alámọ̀ gan-an, Abomey wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìjì ba àwọn ààfin ibẹ̀ jẹ́ ní 1984. Ní 1985, UNESCO kọ orúkọ wọn sínú ìwé ohun ìní aráyé, wọ́n sì kọ wọ́n lọ́dún kan náà sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu. Ó di 2007 kí wọ́n tó yọ wọ́n kúrò nínú ìwé ewu náà, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn oníṣẹ́ amọ̀ fi tún wọn ṣe. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé mẹ̀kúnnù tó wó lọ́dọ̀ wa, ní Gouka ní Bantè tàbí ní Logozohè ní Savalou, ta ni yóò bu ẹwà sí i? Ní 2020, UEMOA, ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àti owó àwọn orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, gbé àṣẹ kan jáde lórí ṣíṣọ́ agbára lò nínú kíkọ́ ilé. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ayàwòrán, ilé Pira àti Akpassi ní Bantè kò sì ní ayàwòrán. Mọlémọlé kan, káfíńtà kan àti ìyá àgbà kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ́ ògiri ni wọ́n ní, ìyá àgbà náà sì ti ń darúgbó.

Èyí ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó mọ ìgbà tí amọ̀ ti kan tó, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan ipele ògiri kí wọ́n tó sọ pé ó ti gbẹ, ń kú láìsí ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ lónìí, sìmẹ́ǹtì nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ń fi hàn án. Ìtìjú sì wà níbẹ̀: ọmọ tó ṣe dáadáa ní ìlú òkèèrè kì í fẹ́ kí wọ́n sọ pé amọ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé. Mo mọ irú ìtìjú yẹn, ìfẹ́ ìyá ló bí i, kò sì yẹ kí a fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń làágùn nínú ilé bíríkì tuntun, tó sì ń gbé ẹní jáde sójúde lóru, kò rí ìtura tí ọmọ rẹ̀ fowó ra fún un.

Kí àwọn mẹ́rìí Bantè àti Savalou pe àwọn àgbà mọlémọlé tó kù, kí wọ́n sanwó fún wọn láti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì le. Ibùdó Songhaï wà ní Savalou, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ oko. Àjà ṣíṣe àti ògiri rírẹ́ lè wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ tó wà ní Cotonou, ní Èkó àti ní òkè òkun, tí ẹ ti ń fi owó pamọ́ láti wó ilé bàbá yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ díẹ̀ nínú owó náà. Ẹ pe káfíńtà kí ó ṣe àjà sí yàrá kan ṣoṣo, yàrá tí ìyá yín ń sùn, kí oṣù kejì ọdún tó wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ẹ̀ẹ̀rùn kan nínú rẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ra bíríkì.